Ta Ló Dé Ọ̀hún? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìràwọ̀ Amadioha

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá òṣùpá ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Bí a bá ro òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á ti wo ojú ọ̀run pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan méjì lè sún mọ́ ara wọn lójú wa, kí ọ̀nà wọn sì jìn sí ara wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oòrùn ni àgùàlà ń yí po, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ayé wa yìí náà ti ń yí i po. Ọ̀rọ̀ nǹkan tí ń yí oòrùn po ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí. Ṣùgbọ́n oòrùn tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe tiwa. Oòrùn mìíràn ni, tí ó jìnnà réré sí wa, tí orílẹ̀-èdè wa sì ti fún ní orúkọ.

Jíbówú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Èkó yóò mọ Jíbówú, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdù, láàárín Yábàá àti Fádèyí, níbi tí àwọn èrò ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Onitsha, Enugu, Owerri àti àwọn ìlú mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, mò ń gbé ní àdúgbò náà, mo sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀. Mò ń ka ìròyìn kan sókè fún ọ̀rẹ́ mi, pé wọ́n ti sọ ìràwọ̀ kan ní Amadioha, wọ́n sì ti sọ ayé kan tí ń yí i po ní Equiano. Ìyá náà dá ọwọ́ dúró lórí ìkòkò ẹ̀wà, ó ní:

"Ọmọ mi, ta ló dé ọ̀hún?"

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀, Mà."

"Ta ló wá fojú rí i?"

"Kò sẹ́ni tó fojú rí ayé náà gan-an, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnì kan ò débẹ̀, ẹnì kan ò rí i, ẹ sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?"

Gbogbo àwọn tí ń jẹun bú sẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kún ẹnu mi. Mo mọ èsì ìbéèrè náà, èdè tí mo fi mọ̀ ọ́n ni ìyá náà kò gbọ́. Èdè tí àwa méjèèjì sì gbọ́, n kò mọ bí mo ṣe lè fi sọ ọ́. Ojú tì mí. Gbèsè tí mo jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ san nínú ìwé yìí.

ÌRÀWỌ̀ WO NI À Ń WÍ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára pílánẹ́ẹ̀tì. Ìràwọ̀ ni ohun tí ó ní iná tirẹ̀. Oòrùn wa jẹ́ ìràwọ̀. Nítorí pé ó wà nítòsí ni ó ṣe tóbi lójú wa ju àwọn yòókù lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì kò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń gbà tí ó sì ń dá padà, bí dígí ti ń ṣe. Mẹ́jọ ni pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn tiwa po. Ilẹ̀ ayé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àgùàlà, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus, jẹ́ òmíràn. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni Jupiter. Bí a bá gbé e lé orí ìwọ̀n, nǹkan bí 318 irú ilẹ̀ ayé wa ni yóò bá a dọ́gba.

HD 43197 ni nọ́ńbà ìràwọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀. Ó jọ oòrùn wa púpọ̀: ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti oòrùn dọ́gba, ó kàn fi díẹ̀ tutù jù ú lọ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó wà, ẹ jáde síta ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ní oṣù Kejì, nígbà tí ìkùukùu ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run. Ẹ kọjú sí gúúsù, kí ẹ sì gbé ojú sókè dáadáa. Ẹ ó rí ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ yòókù lọ. Sirius ni orúkọ rẹ̀. Nísàlẹ̀ Sirius, níhà gúúsù, ni Amadioha wà. Àwọn Òyìnbó ń pe agbo ìràwọ̀ náà ní Ajá Ńlá. Ẹ ò rí i pé a tún bá ajá pàdé!

Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí Amadioha. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti ìràwọ̀ tí ó ṣókùnkùn jù lọ tí ojú wa lè rí ní nǹkan bí ìlọ́po 15. Ẹni tí ó bá ní awò awọ̀nàjíjìn kékeré lè rí i gẹ́gẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ kan tí ó ń tàn.

TA LÓ SỌ Ọ́ LÓRÚKỌ?

Ní ọdún 1919 ni a dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IAU. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pé 100 ọdún ní 2019, wọ́n pín ìràwọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i po, kí àwọn ará ìlú fúnra wọn wá orúkọ tí ó bá wù wọ́n. Ó ju 100 orílẹ̀-èdè lọ tí ó kópa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n kéde àwọn orúkọ náà. Àwọn ará Ghana lo èdè Ewe: wọ́n sọ ìràwọ̀ tiwọn ní Sika, ìyẹn wúrà, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Toge, ìyẹn yẹtí. Àwọn ará Burkina Faso fi orúkọ odò méjì ní ilẹ̀ wọn, Mouhoun àti Nakanbé, sọ tiwọn.

Orúkọ tí Nàìjíríà mú wá ni Amadioha fún ìràwọ̀ náà àti Equiano fún pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Amadioha ni òrìṣà àrá ní ilẹ̀ Ìgbò, bí Ṣàngó ti jẹ́ láàárín wa. Equiano ni Olaudah Equiano. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́, ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí i gbé ní ọmọdé, tí wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ó ra ara rẹ̀ padà ní ọdún 1766, ó sì tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1789. Ìwé náà wà lára ohun tí ó ṣí ojú àwọn Òyìnbó sí ìwà ibi tí ó wà nínú òwò ẹrú.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń kùn pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ ní Ṣàngó. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ wá. Àrá kan náà ni ó ń sán lókè Ọya àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó dùn wá wà níwájú, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

TA LÓ DÉ Ọ̀HÚN?

Kò sí ẹni tí ó dé ọ̀hún, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni yóò dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ohun tí ó yára jù lọ. Nǹkan bí 300,000 kìlómítà ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó ti yára tó yìí, ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó ti ara oòrùn wa dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ara Amadioha, nǹkan bí 204 ọdún ni ó ń gbà á. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra ní Jíbówú, tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò dúró jẹun, tí kò dúró ra epo, tí ọlọ́pàá kankan kò sì dá a dúró lójú ọ̀nà, yóò lò ju mílíọ̀nù 2,000 ọdún lọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni pé àtijọ́ ni à ń wò nígbà tí a bá ń wo ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ Amadioha tí ń wọ awò àwọn onímọ̀ ní àkókò wa yìí ti gbéra láti nǹkan bí ọdún 1821 sí 1822. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ẹ rántí ọdún náà. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí gbé e kúrò ní Èkó níbí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown. Àjàyí yìí ni ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kúrò lára Amadioha nígbà tí wọ́n ń ti ọmọ náà wọ inú ọkọ̀, ìsinsìnyí ni ó ń dé.

TA LÓ FOJÚ RÍ I?

Ìbéèrè kejì yìí ni ó le jù. Bí ènìyàn bá ṣá ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ iná iwájú ọkọ̀ akérò ńlá ní òru, ẹni tí ó dúró ní ọ̀nà jíjìn kò ní rí iná ìṣáná náà. Iná ọkọ̀ ni yóò gbà á lójú. Bẹ́ẹ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀. Báwo ni a ṣe wá mọ̀ pé Equiano wà?

Ẹ fojú inú wo bàbá kan tí ó di ọmọ rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, tí ó ń fi í yí òòyì bí a ti ń ṣe bá àwọn ọmọdé ṣeré. Ọmọ ni ó ń fò yíká, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá pàápàá kò dúró sí ojú kan. Bí ọmọ ti ń lọ síhìn-ín ni bàbá ń fì sọ́hùn-ún, kí ó má baà ṣubú. Bí òkùnkùn bá bo ọmọ náà, tí a sì rí bàbá nìkan tí ó ń fì síwá sẹ́yìn, a ó mọ̀ pé ó di nǹkan kan mú. Bí a bá wọn ìfì rẹ̀, a lè ṣírò bí nǹkan náà ti wúwo tó. Agbára òòfà ni ọwọ́ tí ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì fi di ara wọn mú. Jupiter ń mú kí oòrùn tiwa náà fì ní nǹkan bí mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ó kù kí a mọ bí a ṣe ń rí ìfì ohun tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Jíbówú. Bí ọkọ̀ bá ń tẹ họ́ọ̀nù bọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdù, ẹ fetí sí i: bí ó ti ń bọ̀, dídún rẹ̀ ga; bí ó bá ti kọjá wa, dídún rẹ̀ á lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀. Họ́ọ̀nù kò yí padà. Ìrìn ọkọ̀ ni ó yí bí ó ti ń dún létí wa padà. Afọ́jú tí ó jókòó ní ẹ̀bá ọ̀nà lè sọ fún wa bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ tàbí ó ń lọ, kò sì ní í ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìmọ́lẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, yóò tú ká di àwọn àwọ̀ òṣùmàrè. Láàárín àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ni a ti máa ń rí àwọn ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, tí oríṣiríṣi nǹkan tí ó wà lára ìràwọ̀ náà fà síbẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ilà náà á sún díẹ̀ sí ìhà àwọ̀ aró. Bí ó bá ń lọ, wọn á sún díẹ̀ sí ìhà pupa. Bí wọ́n bá ń sún síwá sẹ́yìn ní àkókò tí kò yẹ̀, ìràwọ̀ náà ń fì nìyẹn, nǹkan kan sì ń yí i po.

Ọ̀nà yìí ni Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ará Switzerland, gbà rí pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po ní ọdún 1995. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a rí lọ́dọ̀ ìràwọ̀ tí ó jọ oòrùn wa. Wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2019. Láti ìgbà náà, pílánẹ́ẹ̀tì tí a ti rí lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ mìíràn ti ju 5,000 lọ. Ní ti Equiano, ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ HARPS ni ó fi í hàn. Lára awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 3.6 ni ẹ̀rọ náà wà, ní orí òkè La Silla ní orílẹ̀-èdè Chile. Ó lè mọ ìfì tí kò ju mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bí ìrìn ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́. Ní ọdún 2009 ni a kéde rẹ̀.

IRÚ AYÉ WO NI EQUIANO?

Ìwọ̀n Equiano tó ìdajì ti Jupiter ó lé díẹ̀, ó kéré tán. Èyí ni pé ó wúwo ju ilẹ̀ ayé wa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 190. Ayé tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, bí ti Jupiter. Nǹkan bí ọjọ́ 328 ni ó fi ń yí oòrùn rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiwa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kò jọ tiwa rárá. Ọ̀nà ilẹ̀ ayé yíká oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó bí ẹnu àdó. Ọ̀nà ti Equiano gùn gbọọrọ, oòrùn rẹ̀ sì wà ní apá ìpẹ̀kun kan. Nígbà tí ó bá sún mọ́ ọn jù, ó sún mọ́ ọn ju bí Mercury ti sún mọ́ oòrùn tiwa lọ. Nígbà tí ó bá jìnnà jù, ó jìnnà ju bí Mars ti jìnnà lọ. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà nígbà tí ó bá sún mọ́ ọn tó ìlọ́po 100 èyí tí ó ń gbà nígbà tí ó bá jìnnà. Nínú ọdún kan ṣoṣo, ó ń ti inú ìtutù bọ́ sínú iná, ó sì tún ń padà.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ìbéèrè kẹta nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó máa ń ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Kí a tó mọ àwọn ayé wọ̀nyí, a rò pé bí ti ilẹ̀ ayé ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ń rìn. Ìsinsìnyí a mọ̀ pé oore ńlá ni ọ̀nà róbótó tí ilẹ̀ wa ń tọ̀ jẹ́. Òun ni kò jẹ́ kí ooru tí à ń gbà yàtọ̀ púpọ̀ láti oṣù dé oṣù, tí iṣu fi ń ta tí àgbàdo fi ń gbó. Ayé Equiano kò ní irú oore yìí. Ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ilẹ̀ tí ó ń gbé.

Èkejì ni èyí tí ó dùn mí. Ẹ rántí ìmọ́lẹ̀ tí ó gbéra ní ìgbà tí wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà ṣì wà lójú ọ̀nà, Àjàyí dòmìnira, ó kàwé, ó sì tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Èdè wa di kíkọ, ó di kíkà, ó di ohun tí à ń gba oyè lé lórí ní yunifásítì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ní Jíbówú, nínú ọdún 2020, èmi akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kò lè dá ìyá ẹlẹ́wà lóhùn.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, pílánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìràwọ̀ tí mo yá lò. Àwọn yòókù wà nílé: òòfà, òṣùmàrè, aró, ìfì, òòyì, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Èmi ni n kò jókòó tì wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe orúkọ ìràwọ̀ ni ó yẹ kí ó dùn wá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́ ní Ṣàngó, tí a kò sì lè fi èdè Ṣàngó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa, èrè wo ni ó wà níbẹ̀?

Mo pẹ́ kí n tó rí èsì náà tò. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti Èkó pa. Ó di oṣù Keje kí ọkọ̀ tó tún máa ná ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Nígbà tí èrò padà sí Jíbówú, mo lọ wo ibi tí ìyá náà máa ń jókòó sí. Ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀, kò sì mọ ibi tí ó lọ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣègùn, òfin, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò owó: kí olúkúlùkù mú ohun kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá sínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún tí ń bọ̀, bí ìgbà tí ó ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó bí i. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa tún un ṣe níbi tí a bá ti ṣì í. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tí ń bi wá léèrè ti kúrò ní ìdí ìkòkò wọn kí èsì wa tó dé.